Ẹ gbà wá nímọ̀ràn o: a fẹ́ ra B&B àtijọ́ kan ní erékùṣù Bute

Àbẹ̀kẹ́_Glasgow:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ó ti pẹ́ témi àti ọkọ mi ti ń gbé Glasgow, èmi ń tọ́jú àwọn arúgbó, òun ń wa bọ́ọ̀sì, àwọn ọmọ ti wọ yunifásítì, ìyẹn la fi ń rò ó pé ká ta ilé tá a ní níbí ká lọ ra B&B kan, ilé àlejò tí wọ́n ti ń fúnni ní bẹ́ẹ̀dì àti oúnjẹ àárọ̀, tí wọ́n fẹ́ tà ní ìlú Rothesay, erékùṣù Bute ní Scotland. Ilé ńlá ni, òkúta ni wọ́n fi kọ́ ọ láyé Ọbabìnrin Victoria, yàrá àlejò márùn-ún, ó kọjú sí òkun. Wọ́n ní ó wà nínú ìwé ìjọba tí wọ́n ń kọ àwọn ilé àtijọ́ tí wọ́n ń dáàbò bò sí, Category B. Àgbàlagbà tó ni ín ní ó ti rẹ òun. Ọkọ mi ní tá a bá ti wọlé, ká yọ gbogbo wíńdò onígi yẹn ká fi ti plástíìkì sí i torí òtútù, èmi ní ká sinmi ná ká béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n. Kí ló yẹ ká mọ̀ ká tó fọwọ́ sí nǹkan kan? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi nǹkan kan pa mọ́ fún wa, gbogbo owó tá a ti ń tù jọ ló fẹ́ lọ síbẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Cumbrae:
Àbẹ̀kẹ́, ẹ kú ìmúra o, inú mi dùn gan-an láti ka èyí. Cumbrae lèmi ń gbé, erékùṣù kékeré tó wà nítòsí Bute níbẹ̀, ilé àlejò tó ti pẹ́ lèmi náà ń bójú tó. Kẹ́ ẹ tó wo bẹ́ẹ̀dì kẹ́ ẹ tó wo kíṣìnnì, ẹ kọ́kọ́ mọ fẹ́rì dáadáa, torí fẹ́rì ni ọ̀gá iṣẹ́ yìí. Láti èbúté Wemyss Bay dé Rothesay, bí ìṣẹ́jú 35 ni, reluwé láti Glasgow Central sì ń gbé èèyàn dé ẹnu fẹ́rì gan-an, torí náà ẹni tí ò ní mọ́tò lè wá bá yín, ẹ kọ ìyẹn gàdàgbà sórí wẹ́bùsáìtì yín. Ibùdókọ̀ Wemyss Bay fúnra ẹ̀, 1903 ni wọ́n ṣí i, irin àti gíláàsì ni òrùlé ẹ̀, àwọn kan wà tó jẹ́ pé torí àtiwò ó nìkan ni wọ́n fi ń wá, ẹ sọ fáwọn àlejò kí wọ́n tètè dé kí wọ́n ráyè wò yíká.

Ṣùgbọ́n tí atẹ́gùn bá le, fẹ́rì ò ní lọ nìyẹn. Ìgbà òtútù ló máa ń ṣẹlẹ̀ jù. Ẹni tó wà nínú yàrá ò lè lọ, ẹni tó ń bọ̀ ò lè dé, àwọn méjèèjì ń pè yín lórí fóònù, ta ló máa sanwó alẹ́ ọjọ́ yẹn? Ẹ ti gbọ́dọ̀ kọ ìdáhùn yẹn sílẹ̀ kí wọ́n tó sanwó, kí wọ́n sì ti kà á. Tèmi ni pé ẹni tí fẹ́rì bá há mọ́ ọ̀dọ̀ mi, ìdajì owó ló máa san fún alẹ́ yẹn, ẹni tí ò bá lè dé, màá sún ọjọ́ ẹ̀ síwájú láìgba nǹkan kan lé e. Ó ń gba owó lọ́wọ́ mi lóòótọ́ àmọ́ irú àwọn èèyàn yẹn gan-an ló ń padà wá lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n á tún mú àbúrò wọn dání.

Fẹ́rì kékeré kan tún wà ní apá àríwá Bute, Colintraive sí Rhubodach, bí ìṣẹ́jú 5 péré ni lórí omi, àmọ́ ẹni tó ń ti Glasgow bọ̀ á kọ́kọ́ fi mọ́tò yí gbogbo Argyll ká kó tó débẹ̀. Ẹ tẹ ọ̀nà yẹn sórí bébà kan kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà, ọjọ́ kan á wúlò.

Nǹkan míì nípa fẹ́rì yìí ni pé òun náà ló ń gbé búrẹ́dì, mílíìkì, plọ́ńbà àti ẹni tó ń tún bọ́ílà ṣe wá. Ẹ ra fíríísà ńlá. Ẹ ní aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó tó ìpààrọ̀ mẹ́ta fún bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lórí bẹ́ẹ̀dì, ọ̀kan nínú omi, ọ̀kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Àwọn tó ń gbé ẹrù wá látorí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀pọ̀ wọn máa ń fowó lé e tí wọ́n bá ti rí i pé erékùṣù ni, àwọn míì ò tiẹ̀ ní wá rárá, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnnì. Kẹ́ ẹ sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ wáṣà ẹnu ẹ̀rọ omi àti fíúsì fúnra yín, torí ẹni tẹ́ ẹ bá pè láti òkè odò á kọ owó ọkọ̀ àti gbogbo ìdúró ẹ̀ létíkun mọ́ owó iṣẹ́.

Ará_Northumberland:
Ẹ ṣeun ìyá. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́dọ̀ wa níbí, Holy Island, ibi tí wọ́n ń pè ní Lindisfarne, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ lòkun ń bo ọ̀nà mọ́lẹ̀, táìmù òkun la fi ń sọ fún àlejò ìgbà tó lè wá àtìgbà tó lè lọ, ẹni tí ò bá ka táìmù yẹn, wọ́n máa ń rí mọ́tò ẹ̀ nínú omi. Torí náà ẹ má rò pé ẹ ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ó ti tó. Ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n sanwó, ẹ tún un sọ nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan, ẹ fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀.

Oníṣẹ́_Òkúta_Paisley:
Ẹ̀gbọ́n wa ọkọ Àbẹ̀kẹ́, mo bẹ̀ yín ẹ má fọwọ́ kan wíńdò yẹn. Iṣẹ́ òkúta lèmi ń ṣe, ilé àtijọ́ ló pọ̀ jù nínú ohun tí mò ń tún ṣe. Ní Scotland, A, B àti C ni wọ́n ń pín irú ilé bẹ́ẹ̀ sí, tó bá sì ti wà nínú ìwé yẹn, kì í ṣe iwájú ilé nìkan, inú ilé náà wà níbẹ̀: àtẹ̀gùn, ilẹ̀kùn, iṣẹ́ ọnà tí wọ́n fi plásítà ṣe sí àjà, ibi ìdáná. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yí nǹkan kan padà tó máa kan bí ilé yẹn ṣe rí, ẹ máa gba àṣẹ lọ́wọ́ kánsù, ìjọba ìbílẹ̀, ìyẹn Argyll and Bute, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe é láìgbàṣẹ, ọ̀ràn ọ̀daràn ni.

Èyí tó tiẹ̀ burú níbẹ̀ ni pé tẹ́ni tó ń tà á bá ti ṣe nǹkan tí kò gbàṣẹ lọ́jọ́ tó ti pẹ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ra ilé ni kánsù máa kọ̀wé sí pé kẹ́ ẹ dá a padà sí bó ṣe wà. Kí lọ́yà yín béèrè ìyẹn ní kíkọ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó parí ọ̀rọ̀. Bí wíńdò kan lẹ́yìn ilé bá ti jẹ́ plástíìkì báyìí, ẹ béèrè ìwé àṣẹ ẹ̀.

Òtútù tí ẹ̀gbọ́n ń sọ, òótọ́ ni, Bute tutù, àmọ́ ọ̀nà wà. Wíńdò onígi yẹn, ẹni tó mọṣẹ́ á tún okùn àti irin wúwo inú ẹ̀ tó ń jẹ́ kó gòkè sọ̀kalẹ̀ ṣe, á fi bírọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ dí etí ẹ̀ kí atẹ́gùn má ráyè wọlé, lẹ́yìn náà ẹ lè fi gíláàsì kejì sí i látinú ilé, èyí tí wọ́n lè yọ, àwọn kánsù sábà máa ń gba ìyẹn láàyè. Àwọn ilé ayé yẹn tún máa ń ní ilẹ̀kùn pákó tí wọ́n fi ń ti wíńdò látinú, ẹlòmíì á ti kàn án pa tá á sì kun pẹ́ńtì bò ó, ẹ wá a kẹ́ ẹ ṣí i. Lálẹ́ tẹ́ ẹ bá tì í tẹ́ ẹ fa kọ́tìnnì tó nípọn bò ó, ẹ máa rí ìyàtọ̀.

Ẹ wá gbọ́ ti ògiri. Òkúta àti láìmù, ẹfun tí wọ́n ń pò fi mọ òkúta, ni wọ́n fi kọ́ ilé yẹn, ògiri ń mí, omi tó bá wọ inú ẹ̀ á gba ojú láìmù jáde. Àwọn kan wá láàárín, wọ́n rí i pé láìmù ń já, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dí i. Sìmẹ́ǹtì ò jẹ́ kómi jáde, omi wá kù sínú òkúta, yìnyín mú un, ojú òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, inú yàrá ń rin, èbu ń jáde lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n á ní ilé àtijọ́ ló máa ń rí bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni, sìmẹ́ǹtì ló fà á. Tẹ́ ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ fi èékánná ha àárín òkúta, tó bá le gbagidi tó sì dúdú bí eérú, ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ wà, ẹ yọ owó ẹ̀ kúrò nínú iye tẹ́ ẹ fẹ́ san. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà yín ní kẹ́míkà tí wọ́n ń gún sínú ògiri kó tó wo gọ́tà.

Gọ́tà! Ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n ń pè mí sí pé ògiri ń rin, ewé ló dí gọ́tà, tàbí páìpù irin tó gbé omi sọ̀kalẹ̀ ti là lẹ́yìn níbi tójú ò tó. Omi ibẹ̀ ló máa wọ igi òrùlé, olú tó ń jẹ igi á wá bá a, dry rot, ilé Scotland mọ̀ ọ́n dunjú, ó lè gba abẹ́ pákó ilẹ̀ lọ sí yàrá kejì kẹ́nikẹ́ni tó rí i. Tí òórùn bí ti olú tútù bá wà nínú yàrá tí wọ́n tì pa, ẹ ní kí wọ́n ṣí ilẹ̀ níbẹ̀. Òrùlé náà, ó lè jẹ́ sílétì (òkúta pẹlẹbẹ) Ballachulish ló wà lórí ẹ̀, 1955 ni wọ́n ti ti ibi tí wọ́n ń wà á pa, torí náà èyí tó bá jábọ́ tí kò fọ́, ẹ kó o pa mọ́, ẹ má sọ ọ́ nù, a ò rí tuntun rà mọ́.

Home Report, ìwé àyẹ̀wò ilé tí wọ́n máa fún yín, ẹ kà á, àmọ́ ẹ má dúró lé e nìkan, ẹ fowó wá surveyor, ẹni tó ń yẹ ilé wò, tó mọ ilé òkúta kó lọ wò ó fún yín. VAT, owó orí ọjà, 20% náà wà lórí àtúnṣe, kódà lórí ilé tó wà nínú ìwé ìjọba, ẹ kà á mọ́ bọ́jẹ́ẹ̀tì yín.

Ọkọ_Àbẹ̀kẹ́:
Mo ti gbọ́ o, mo ti fi ọ̀rọ̀ wíńdò sílẹ̀. Ẹ ṣeun ẹ̀yin ará. Ìbéèrè tèmi ni owó. Yàrá márùn-ún yìí ṣé ó lè bọ́ èèyàn méjì?

Akáúńtáǹtì_Kent:
Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ó sinmi lórí mọ́géèjì yín, owó tẹ́ ẹ bá yá ní báńkì fi ra ilé. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á ni àkáúǹtì ọdún mẹ́ta tó gbé fún HMRC, àwọn tó ń gba owó orí, kì í ṣe èyí tó fọwọ́ kọ. Ẹ wo oṣù tí owó wọlé àtoṣù tí kò wọlé, torí ní irú ibẹ̀ yẹn láti Easter dé October lọjà máa ń ṣẹ, ìyókù ọdún ẹ máa jẹ nínú èyí tẹ́ ẹ ti fi pa mọ́. Tí gbogbo owó tó wọlé lọ́dún kan bá kọjá £90,000 ẹ máa forúkọ sílẹ̀ fún VAT, yàrá márùn-ún kì í sábà débẹ̀ àmọ́ tẹ́ ẹ bá fi oúnjẹ alẹ́ kún un ẹ máa ṣọ́ ọ. Booking.com máa ń gba nǹkan bí 15% nínú owó yàrá, torí náà ẹni tó bá ti wá lẹ́ẹ̀kan, ẹ fún un ní káàdì kó pè yín fúnra ẹ̀ nígbà míì, ẹ lè dín díẹ̀ fún un, ẹ̀yin méjèèjì jèrè.

Ìnṣọ́ránsì ilé tẹ́ ẹ ń gbé ò tó, ẹ gba ti iṣẹ́ àlejò, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn pé ilé àtijọ́ ni, kí wọ́n kọ iye tó máa ná wọn láti fi òkúta àti sílétì tún un kọ́, kì í ṣe iye tẹ́ ẹ rà á. Ẹ tún forúkọ ilé ìdáná yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ kánsù, ó kéré tán ọjọ́ 28 ṣáájú kẹ́ ẹ tó ṣí, wọ́n á wá wò ó wọ́n á fún yín ní ìràwọ̀, ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ gba 5.

Ìyá_Ìbejì_Cumbrae:
Ọjọ́ 28 yẹn tọ̀nà, àmọ́ ìràwọ̀ yẹn, ti England nìyẹn. Ní Scotland, Pass ni wọ́n ń fúnni, tàbí kí wọ́n ní ẹ lọ tún un ṣe. Ìwé kan wà tí wọ́n ń pè ní CookSafe, Food Standards Scotland ló gbé e jáde, ẹ gbà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ kẹ́ ẹ máa kọ ìgbóná fíríìjì àti gbogbo ẹ̀ sínú ẹ̀ lójoojúmọ́, tí wọ́n bá wá, ìwé yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè.

Àkáúńtáǹtì ò sì tíì dárúkọ èyí tó le jù níbí: láìsẹ́ǹsì short-term let, ìyẹn ìwé àṣẹ láti máa gba àlejò tó ń sùn fún ìgbà díẹ̀. Láti October 2022 ni òfin yẹn ti bẹ̀rẹ̀, B&B wà nínú ẹ̀, ẹni tuntun ò gbọ́dọ̀ gba àlejò kankan kó tó gbà á. Ẹ béèrè lọ́wọ́ kánsù nísinsìnyí, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ilé, bóyá wọ́n á gbé ti ẹni tó ń tà á sórúkọ yín tàbí ẹ máa gba tuntun, torí tẹ́ ẹ bá ra ilé ní March tí láìsẹ́ǹsì ò jáde, ẹ máa wo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kọjá báyìí láìsí pọ́ùn kan, mọ́géèjì ò sì ní dúró. Wọ́n á béèrè ìwé gáàsì tí wọ́n ń yẹ̀ wò lọ́dọọdún tẹ́ ẹ bá ní gáàsì, ìwé iná mànàmáná ọlọ́dún márùn-ún, aláàmù èéfín, àkọsílẹ̀ ewu iná, àti àyẹ̀wò omi torí legionella, kòkòrò àrùn tó máa ń wà nínú omi tó bá dúró sójú kan. Ti omi yẹn ò le, yàrá tí kò bá lálèjò nígbà òtútù, ẹ máa wọlé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kẹ́ ẹ ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi àti ṣáwà kó ṣàn dáadáa, kẹ́ ẹ kọ déètì ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ó sì tipa bẹ́ẹ̀ mọ̀ tí páìpù kan bá ti ń jò.

Fáyà ni mi ò ní ṣe fẹ́ẹ́rẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ nípa ẹ̀. Ilé àtijọ́, àtẹ̀gùn onígi kan ṣoṣo láàárín, àwọn èèyàn tí ò mọ ilé ń sùn lókè. Ẹ jẹ́ kí aláàmù gbogbo máa dún pa pọ̀, ẹ fi iná tó ń tàn nígbà tí NEPA ibẹ̀ bá lọ sójú àtẹ̀gùn (iná máa ń lọ ní erékùṣù tí ìjì bá jà, ẹ ti mọ ìyẹn nílé tẹ́lẹ̀). Ilẹ̀kùn yàrá tó yẹ kó dá iná dúró, tó bá jẹ́ ilẹ̀kùn àtijọ́ tí kánsù ò fẹ́ kẹ́ ẹ yọ, ẹ pe ẹni fáyà àtẹni tó ń rí sí ilé àtijọ́ kí wọ́n jọ wá lọ́jọ́ kan náà. Tí wọ́n bá wá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹni àkọ́kọ́ á ní yọ ọ́, ẹni kejì á ní má yọ ọ́.

Ṣẹ́ẹ̀fù_Aberdeen:
Ẹ jẹ́ kémi náà sọ ti oúnjẹ àárọ̀, torí òun ni àlejò máa ń rántí tó bá délé. Bàkónì, ẹyin, sọ́sééjì onígun mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní Lorne, tattie scone (pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ọ̀dùnkún ṣe), black pudding (sọ́sééjì tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ ṣe), ẹ jẹ́ kí wọ́n fi àmì sórí bébà lálẹ́ ohun tí wọ́n máa jẹ, ẹ ò ní máa da oúnjẹ nù. Ẹ fi pọ́ríìjì síbẹ̀, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló fẹ́ràn ẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ẹ ra ẹyin àti ẹran lọ́wọ́ àwọn ará Bute, ẹ kọ ọ́ sórí bébà pé ibẹ̀ lẹ ti rà á, àlejò fẹ́ràn ẹ̀, ẹni tẹ́ ẹ ń ra ọjà ẹ̀ ló sì máa juwe yín fún ẹni tó bá ń wá yàrá.

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, mo fẹ́ kẹ́ ẹ máa dín àkàrà lọ́jọ́ Sunday. Mo ti gbé e síwájú àwọn òyìnbó rí, wọn ò jẹ́ kó tutù. Ẹni tí kì í jẹ ẹran náà á rí nǹkan gidi jẹ. Ṣùgbọ́n ohun 14 wà tí òfin ní kẹ́ ẹ sọ fún àlejò tó bá wà nínú oúnjẹ, ẹ̀pà wà nínú ẹ̀, torí náà tẹ́ ẹ bá fi òróró ẹ̀pà dín in, ẹ gbọ́dọ̀ sọ. Ẹ kúkú lo òróró sunflower. Edé tẹ́ ẹ bá fi sí i náà wà nínú àwọn 14 yẹn.

Àbẹ̀kẹ́_Glasgow:
Àkàrà ti dé nìyẹn o, inú mi dùn! Ẹ ṣeun gbogbo yín. Ìyá Ìbejì, mo fẹ́ béèrè nǹkan míì, ẹ má bínú. Ṣé wọ́n á gbà wá níbẹ̀? Àwa dúdú méjì nílùú kékeré. Mo sì gbọ́ pé a máa béèrè orílẹ̀-èdè lọ́wọ́ àlejò, ṣé òótọ́ ni?

Ìyá_Ìbejì_Cumbrae:
Òótọ́ ni, òfin 1972 ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ti pé ọmọ ọdún 16, ẹ kọ orúkọ ẹ̀ àti orílẹ̀-èdè ẹ̀, ẹ tọ́jú ẹ̀ fún oṣù 12. Ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ Britain, Ireland tàbí Commonwealth, ẹ tún gba nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù ẹ̀ àti ibi tó ń lọ látọ̀dọ̀ yín. Ọmọ Nàìjíríà, Commonwealth ni, orúkọ àti orílẹ̀-èdè ti tó. Ọwọ́ gbogbo àlejò ni kẹ́ ẹ ti máa gbà á bákan náà, aláwọ̀ funfun aláwọ̀ dúdú, ká má bàa dójú ti ẹnì kan.

Ti gbígbà yẹn, mo máa sọ ohun tí mo mọ̀. Gbogbo Bute ò ju bí ẹgbẹ̀rún mẹ́fà èèyàn lọ, kó tó di ọ̀sẹ̀ méjì wọ́n á ti mọ mọ́tò yín. Àwọn kan á máa wò yín. Àmọ́ ẹ rántí pé láti ìparí 2015 làwọn ìdílé Síríà tó sá fún ogun ti ń wá sí Rothesay, àwọn kan lára wọn ti ṣí ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀. Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ yọ̀ǹda ara yín níbi Highland Games, eré ìdárayá ìbílẹ̀ Scotland, ní August, ẹ máa kí àwọn òṣìṣẹ́ fẹ́rì. Ẹ sì mọ ìtàn ibẹ̀ dáadáa: Rothesay Castle, ilé olódi àtijọ́ tí ògiri ẹ̀ rí róbótó, ilé ńlá Mount Stuart tí wọ́n tún kọ́ lẹ́yìn tó jóná ní 1877, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọkùnrin tó wà létí fẹ́rì tí wọ́n kọ́ ní 1899 tó jẹ́ pé àwọn èèyàn ń sanwó wọ̀ ọ́ torí ẹwà ẹ̀. Àwọn tó ń fẹsẹ̀ rin West Island Way, ọ̀nà ìrìn ẹsẹ̀ tó wà ní Bute, nǹkan bí máìlì 30, ń wá ibi tí wọ́n á ti sá bàtà tútù, ẹ ní yàrá kékeré kan fún bàtà. Tí àlejò bá béèrè ìtàn ilé yín tẹ́ ẹ sì lè sọ ẹni tó kọ́ ọ àtọdún tó kọ́ ọ, wọn ò ní rántí béèrè ibi tẹ́ ẹ ti wá.

Ọkọ_Àbẹ̀kẹ́:
Ẹ ṣeun ìyá, Ọlọ́run á bù kún yín. Ìgbà wo ló dáa jù ká tún lọ wò ó? Ọjọ́ tá a kọ́kọ́ lọ, oòrùn ń ràn.

Oníṣẹ́_Òkúta_Paisley:
Ẹ lọ lọ́jọ́ òjò, ẹ̀gbọ́n. Ẹ dúró síta kẹ́ ẹ wo ibi tómi ń gbà sọ̀kalẹ̀ lára ògiri, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ gun òkè àjà.

Àbẹ̀kẹ́_Glasgow:
Wọ́n ní òjò ńlá ń bọ̀ lọ́jọ́ Saturday. Àbúrò, ṣé ẹ lè bá wa lọ? A máa san owó fẹ́rì àti owó iṣẹ́ yín.

Oníṣẹ́_Òkúta_Paisley:
Mo ń bọ̀ àǹtí mi. Ẹ bá mi sọ fún ẹni tó ni ilé kó wá kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn òkè àjà sílẹ̀, èmi á mú àkàbà àti tọ́ọ̀ṣì. Ẹ wọ bàtà tí omi ò lè wọ̀.